Ọkọ̀ Tí Kò Ní Omi Lábẹ́

Wọ́n tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì mẹ́fà
nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé tó kọjú sí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́,
wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kán ìràwọ̀ sí i lára.
Ìdérí ìkòkò ni ayé tí ẹnikẹ́ni kò dé rí,
èèpo ẹ̀pà ni òkúta tó ń fò káàkiri sánmà.
Mo kọ orúkọ sílẹ̀: Ṣóbándé,
mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi,
ọmọ ọdún méjìlélógójì. Ọkọ̀ ogun méje.

Àjákù pákó ọkọ̀ bàbá mi ni mo fi gbẹ́ wọn.
Ìdérí bíírò ni ẹnu ìbọn wọn,
púlọ́ọ̀gì tó ti kú ni mo kì bọ ìdí èyí tó tóbi jù.
Orúkọ ọkọ̀ Bàbá náà ni mo sọ ọ́: Ẹ̀yìn-Á-Dára.

Òfin ibẹ̀ le. Ọkọ̀ sánmà kò ní bíréèkì.
Bí o bá ti tì í, lílọ ló ń lọ,
kò sí ìgbì tí yóò dá a lẹ́kun,
kò sí oṣíbàtà tí yóò wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀
(èmi tí oṣíbàtà ti ba ọjọ́ mi jẹ́ tó!).
Tí o bá fẹ́ kó dúró,
àfi kó o kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síbi tó ń lọ
kó o wá tan iná ẹ́ńjìnnì.

Mo na ọkùnrin kan láti Èjìnrìn.
Mo na olùkọ́ ìṣirò, ó bínú, ó lọ ra omi.

Bàbá yọjú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán,
ó fọwọ́ tẹ aṣọ dúdú náà bí ẹni ń wá ibi tó jìn.
"Omi ọ̀hún dà?"
Mo ní kò sí omi, Bàbá, sánmà ni.
"Kí ló wá gbé ọkọ̀ dúró?"
Rẹfirí ní ká dákẹ́.
Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, n kò tíì rí èsì rẹ̀.

Táwàkálítù ló kàn mí, ọmọ Ìkòròdú, ọmọ ọdún mọ́kànlá.
Àga méjì ló tò léra kí ojú rẹ̀ tó ká tábìlì.
Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dìde,
ó fọ́ ọkọ̀ mi méjì kí n tó jókòó dáadáa.

A ó kọ àṣẹ sínú ìwé, a ó dà á dojú dé,
a ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, a ó ṣí i.
Mo rí ọkọ̀ rẹ̀ kan tó ń tiro.
Ojú mi wọ̀ ọ́. Mo ki eré mọ́lẹ̀.
Ọmọ náà ń jẹ gúgúrú, kò wò mí.
Ìgbà kẹrin ló yẹ kí n kọ "yí padà";
ìgbà karùn-ún ni mo kọ ọ́.

Ẹ̀yìn-Á-Dára gba ẹ̀gbẹ́ ìdérí ìkòkò kọjá,
rúlà sún un, rúlà tún sún un,
ó dé etí tábìlì.
Mo ju dáìsì, ẹ̀fà méjì!
Dáìsì kò sì ní ohun tó máa ń wí fún ẹni tó ti kọjá etí.
"Ó ti bọ́," ni rẹfirí wí, bí ẹni sọ pé òjò ti dá.
Ọwọ́ Bàbá ti wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ó gbà á.

Nígbà tí mo jáde, ó ti wà létí ọ̀sà,
ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún,
ó gbé ọkọ̀ náà lé omi.
Púlọ́ọ̀gì wúwo nídìí rẹ̀:
ìdí rẹ̀ rì, imú rẹ̀ nà sókè gbọnrangandan,
ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ apẹja,
òun nìkan ló kọjú sí sánmà.

A dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀.
Bàbá ní, "Pọ́ìntì mélòó ni ọmọ yẹn fi nà ọ́?"
Mo sọ fún un.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú omi.